Ohun Tí Wọ́n Rán Mọ́ Mi

Ọdún kọkànlá rèé tí àwọ̀n ti wà níkùn mi.
Pákó ni mo ń rù ní Okobàbá nígbà náà,
arère, ìrókò tútù tí omi ọ̀sà ṣì ń kán lára rẹ̀,
títí di ọjọ́ tí nǹkan já nínú mi bí okùn ṣòkòtò,
tí ìfun yọjú lókè ìdodo
bí ọmọ tó ń ti ojú fèrèsé wòran ìjà àdúgbò.

"Àwọ̀n kékeré ni," dókítà wí.
Ó nà án sójú iná: funfun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́,
bí èyí tí à ń kàn mójú fèrèsé nítorí ẹ̀fọn.
"A ó fi lẹ ibi tó ya. Ẹran ara rẹ á hù gba inú rẹ̀,
o ò tiẹ̀ ní í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."
Mo tẹ̀ka. Mo san owó àjọ ọdún méjì.
Lóòótọ́, n kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.
Ọdún mẹ́fà. Mo gbé pákó, mo gbé ọmọ pọ̀n séjìká,
mo gbàgbé rẹ̀ bí a ti ń gbàgbé gbèsè
tí olówó rẹ̀ kò tíì wá sin.

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí.
Kì í ṣe ìrora tó ń mú ni ké,
ó dà bí ẹni tó di etí aṣọ rẹ mú lẹ́yìn,
o bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́nìkan.
Mo sín, ó fà. Mo rẹ́rìn-ín, ó fà.
Mo nawọ́ mú fìlà lórí ìṣó, ó fà.
Mo wá ń fọwọ́ dìkùn kí n tó wúkọ́,
àwọn ọmọ ilé wa sì ń sín mi jẹ.

Lọ́dún kẹsàn-án, ojú kan là lórí àpá,
kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ,
ó ń sun omi bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́.
Ìyá Fìyìnfólú ra òwú, ó ra oògùn.
Lọ́jọ́ kan ó ra lọ́fínńdà. Kò sọ ìdí. N kò bi í.
Ẹ̀gbọ́n mi Adémúwàgún ní ọwọ́ ayé ni.
Mo ní rárá, ọwọ́ ọ̀rá ni.

Dókítà tó ṣe é ti jápa.
Fáìlì mi sọnù; òjò ni, wọ́n ní, tàbí ikán.
Dókítà Ṣónẹ́yẹ, ọmọbìnrin tó gé èékánná mọ́ ẹran,
ló gbé fọ́tò inú mi sókè:
"Ó ti ká jọ. Etí rẹ̀ kan ti wọnú ìfun.
Mo lè yọ díẹ̀. Bí mo bá ní kí n yọ gbogbo rẹ̀,
mi ò mọ ohun tí yóò bá a jáde."
Mo fẹ́ràn rẹ̀, pé ó lè sọ pé òun ò mọ̀.

Ìyá ìyàwó mi ń tún àwọ̀n ṣe ní Màkòkó,
lórí pèpéle tí èmi fúnra mi kàn.
Mo ní: Màmá, àwọ̀n tó pẹ́ lódò,
tí ewé odò ti hù gba ojú rẹ̀, báwo lẹ ṣe ń yọ ọ́?
Kò gbójú sókè. Ó feyín gé òwú.
"A kì í fà á. Ẹni tó bá fà á, á ya ohun tó dì mọ́.
Kókó kan, kókó kan ni.
Èyí tó bá kọ̀, a ó fi í sílẹ̀ fún omi."
Ṣé ẹ máa ń pàdánù rẹ̀?
"A máa ń pàdánù rẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọn yóò tún là mí, ní Ìsàlẹ̀ Èkó.
Wọ́n ti fún mi ní ìwé kọ:
ṣé ohun àjèjì kan wà lára rẹ?
Ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ju ìka méjì lọ.
Mo kọ ọ́: àwọ̀n.
Akọ̀wé kà á, ó gbójú sókè,
ó bi mí bóyá apẹja ni mí.